Ẹ yé fi Jackson 5 fún Diana Ross

Ó tún ti dé. Ẹnikẹ́ni ò lè fi orin àtijọ́ Jackson 5, ẹgbẹ́ olórin Michael Jackson àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, síta kí ẹnìkan má sọ pé Diana Ross, gbajúmọ̀ olórin obìnrin, ló rí àwọn ọmọ náà ní Gary, ìlú oníṣẹ́ irin ní ìpínlẹ̀ Indiana, tó sì mú wọn lọ bá Motown, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde. Tẹ́ ẹ bá jiyàn, wọn á ní ó wà lára páálí àwo.

Ó kúkú wà níbẹ̀. Lára àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, tó jáde ní oṣù Kejìlá 1969, orúkọ Diana Ross ló ṣáájú tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lórúkọ rẹ̀ sẹ́yìn páálí kọ́kọ́ ń yin òtítọ́, ó ní òtítọ́ jẹ́ ohun pàtàkì lójú òun. Kò tíì lọ jìnnà tó fi ní òun lòun ṣàwárí àwọn ọmọ náà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ àwàdà ṣe.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tí gbogbo ayé mọ̀: pé Joe bàbá wọn ń wa kéréènì níléeṣẹ́ irin, pé wọ́n gbégbá orókè nínú ìdíje ní Apollo, gbọ̀ngàn eré kan ní New York, lọ́dún 1967, pé Steeltown, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Gary, gbé “Big Boy” jáde fún wọn ní oṣù Kìn-ín-ní 1968. Ẹni tó ti ní àwo nígbà, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣàwárí lára rẹ̀?

Ohun tí wọ́n máa ń fò dá ni oṣù Keje 1968. Bobby Taylor, olórin Motown, bá wọn pàdé ní Regal Theater ní Chicago, eré wọn wọ̀ ọ́ lára, ló bá ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Detroit, níbi tí Motown wà. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n ṣeré níwájú àwọn òṣìṣẹ́ Motown. Michael, ẹni tó kéré jù nínú wọn, kọ orin James Brown, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ jó lórí ilẹ̀ bí James Brown gan-an. Wọ́n ká a sí fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun. Kí ló dé tí wọ́n fi ká a? Berry Gordy tó ni Motown ò sí nílé ni, ó wà ní California. Fíìmù yẹn wà títí dòní. Ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ bá mi wá Diana Ross níbẹ̀.

Gordy ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin ọmọdé rárá, torí wàhálà tó bá Stevie Wonder wá nígbà tí ìyẹn ṣì kéré. Fíìmù ló yí i lọ́kàn padà. Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n ti bá Steeltown tọwọ́ bọ̀ tún fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn di 1969.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Ross wá pe àwọn ẹni ńlá jọ sí The Daisy, ilé fàájì kan ní Beverly Hills, láti fi wọ́n han ayé. Iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn, kò sì kéré. Orúkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àmọ́ wọ́n ti wà lọ́wọ́ Motown kó tó dìgbà yẹn.

Ṣé Taylor ni ká wá fún ní oyè náà? Ó jọ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ṣe kòkárí ọ̀pọ̀ orin inú àwo tí wọ́n fi orúkọ Ross sí. Ṣùgbọ́n Gladys Knight, olórin Motown mìíràn, ní òun ti sọ̀rọ̀ wọn fún Motown ṣáájú, wọn ò dá òun lóhùn. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, Ross nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ìwé ìpolówó ayé ìgbà yẹn ṣírò ọjọ́ orí, ẹ rọra. Ọmọ ọdún 8 ni ìwé ìpè sí The Daisy pe Michael. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 1958 ni wọ́n bí i; ó ku ọjọ́ 18 kó pé ọdún 11. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ìwé yẹn, ọdún 48 lẹ máa ní ó lò láyé, bẹ́ẹ̀ ó ti pé 50 kó tó kú ní 2009.