Oògùn tó ń dúró de ásíìdì kó tó tú

Ìbéèrè (ìyá ọlọ́jà kan, Kabba): Wọ́n ní oògùn jẹjẹrẹ kan wà tí ásíìdì ló ń ṣí i. Ṣé ásíìdì inú ikùn ni?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gún un sí. Ásíìdì tí wọ́n ń sọ, inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ gbé nǹkan mì, awọ rẹ̀ á ká nǹkan náà mọ́, á di àpò kékeré tí wọ́n ń pè ní endosome. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fa ásíìdì sínú àpò ọ̀hún. pH ni wọ́n fi ń wọn ásíìdì; bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń le sí i. pH ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 7.4, ti àpò yìí á wálẹ̀ sí 6.5, sí 5.5, títí dé nǹkan bí 4.5 nínú lysosome, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lọ ohun tó gbé mì. Láti 7.4 sí 5.4, ásíìdì ti le sí i ní ìlọ́po 100! Oògùn ẹlẹgẹ́ bíi RNA (èròjà tó ń gbé àṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì) á bàjẹ́ síbẹ̀ bí kò bá tètè jáde.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe ń jáde?

Ìdáhùn: Wọ́n á kó o sínú èérún pọ́límà, èròjà tí ẹyọ kéékèèké so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Bí a bá to 500 irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó lè má tó ìbú irun orí kan. Àwọn pọ́límà kan ní ìsopọ̀ tó ń dúró digbí nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ tí ásíìdì ń já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀gúsí mọ bí bàrà ṣe ń jẹrà kí ẹ tó fọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn mìíràn máa ń fa ásíìdì mọ́ra; àwọn onímọ̀ kan gbà pé omi á tẹ̀ lé e wọlé, àpò á wú títí yóò fi ya. Èyí ló wú mi lórí jù: ohun tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi pa oògùn náà run ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan ló ní àpò yìí o. Ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ara ló ní in, nítorí náà ìṣòro bí oògùn ṣe máa bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n dúró de irú rẹ̀ fún ọmọ mi?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró o. Ọ̀rá tó ń gba ásíìdì bẹ́ẹ̀ ti wà nínú abẹ́rẹ́ kòrónà Pfizer àti Moderna, àti nínú patisiran, oògùn àrùn àjogúnbá kan tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018. Ti pọ́límà, inú ilé ìwádìí ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ẹni tó bá ń tà á fún yín lọ́jà, ẹ má dá a lóhùn. Ìtọ́jú tí dókítà ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dáwọ́ dúró.