Ìkòkò Ọdún Márùn-ún: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fojú Bu Owó Tó Ń Wọlé fún Ìdílé ní Káúńtì Ìgbèríko Amẹ́ríkà

Nígbà tí ìwé kan bá sọ iye dọ́là tó wọlé fún ìdílé tó wà láàárín ní káúńtì ìgbèríko kan (ìyẹn ìpín kan lábẹ́ ìpínlẹ̀) ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, ohun tó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ọdún 2020 nìkan ni iye náà dúró fún. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìdílé tó wà láàárín kò ṣòro láti mọ̀: bí a bá to gbogbo ìdílé láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, ìdajì á wà lókè rẹ̀, ìdajì á wà nísàlẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni pé àwọn tí a lè bi léèrè kò pọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2000, nǹkan bí ìdílé kan nínú mẹ́fà ló gba ìwé ìbéèrè gígùn tó ń béèrè nípa owó. Láti 2005 ni ìwádìí American Community Survey ti gba ipò ìwé náà, Census Bureau, àjọ tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà, sì ń fi í ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ àdírẹ́sì lọ́dún. Èyí tó fún odidi orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ní Loving County ní Texas, níbi tí ìkànìyàn 2020 ti rí ènìyàn 64 péré, ilé mélòó ni yóò bọ́ sọ́wọ́ olùwádìí láàárín ọdún kan? Nítorí èyí ni àjọ náà kì í fi í sábà gbé iye ọdún kan jáde látinú ìwádìí yìí fún ibi tí ènìyàn ibẹ̀ kò bá tó 65,000. Ìdáhùn ọdún márùn-ún ni wọ́n ń kó pọ̀ fún irú ibẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe tó ń bíni nínú ti ń wáyé. Ẹ wo ìkòkò kan tí wọ́n da ife omi márùn-ún sí, ife kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 2015 dé 2019. Nígbà tí ọdún 2020 bá parí, wọn kì í da omi náà nù kí wọ́n tó pọn òmíràn: ife 2015 ni wọ́n ń bù kúrò, wọ́n á da ife 2020 sí i, ife mẹ́rin yòókù á sì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá fi ìkòkò tuntun wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ rò pé òun ń fi 2020 wé 2019, ṣùgbọ́n ife 2019 wà nínú méjèèjì. 2015 ló ń fi 2020 wé láìmọ̀.

Ká ní $50,000 ni iye ọdún 2015, tí ọdún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e jẹ́ $40,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ti 2020 sì gòkè sí $45,000. Bí a bá pín in dọ́gba, ìkòkò àkọ́kọ́ á fún wa ní $42,000, èkejì á fún wa ní $41,000. Owó ti fi $5,000 gòkè láàárín ọdún kan, síbẹ̀ ìlà tí wọ́n yà sórí ìwé ń lọ sísàlẹ̀. Lóòótọ́, àwọn olùṣírò kì í pín iye márùn-ún dọ́gba bẹ́ẹ̀, gbogbo ìdáhùn ni wọ́n ń tò papọ̀ kí wọ́n tó wá àárín wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣini lọ́nà kò yàtọ̀. Ìkòkò tí kò ní ife kankan pọ̀ ni ká fi wéra, bíi 2010 sí 2014 pẹ̀lú 2015 sí 2019, lẹ́yìn tí a bá ti sọ iye méjèèjì di dọ́là ọdún kan náà. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá sì kéré sí ohun tí àlàfo àṣìṣe tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà (bí iye náà ṣe lè yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n bi léèrè) lè gbé wá, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohunkóhun yí padà.

Fún ẹni tó fẹ́ iye ọdún kan ṣoṣo, àjọ náà ní ètò mìíràn, Small Area Income and Poverty Estimates, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ló ń gbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀kan ni ìwádìí ọdún náà, tó bi àwọn ará káúńtì léèrè fúnra wọn, àmọ́ tí kò bi púpọ̀. Èkejì ni ìṣirò tó ń wo àwọn àkọsílẹ̀ bí ìwé owó orí, tó wá ń sọ iye tó sábà máa ń wọlé níbi tí àkọsílẹ̀ wọn bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mì púpọ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́ jù, káúńtì kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń ṣe é fún lọ́tọ̀: ní káúńtì ńlá, ìwádìí ló ń borí, ní káúńtì kékeré, àkọsílẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́, ó kàn jẹ́ pé ohùn kálukú ń tó bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe tó.

Àléébù ètò náà wà nínú ọgbọ́n yẹn kan náà. Òfin kò sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré gan-an láti fi ìwé owó orí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó jẹ́ pé owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, nìkan ni wọ́n ń gbà. Bí ibi ìwakùsà kan bá tì ní káúńtì kékeré, owó oṣù tó dúró á fara hàn nínú ìwé owó orí láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí kò bá wọ ìwé kankan, ìdáhùn ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kù tó lè sọ ọ́, ìyẹn ẹlẹ́rìí tí ìṣirò náà ti pinnu pé òun kò ní gbọ́ tirẹ̀ púpọ̀.