Ẹni tó ti mọ Python díẹ̀, kí ni kó fi dánra wò?

Ẹni tó ti mọ list, dict àti bí a ṣe ń ka fáìlì, tó wá padà lọ kọ ètò ìṣirò kékeré, ojú kan náà ló wà. Ẹni tó sì fò lọ síbi ètò tí yóò máa sọ iye tí dọ́là máa jẹ́ lọ́la kò ní mọ ìgbà tí ètò náà bá ń purọ́ fún un. Iṣẹ́ tó bá ìpele yìí mu ni èyí tí ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ ìdáhùn tó tọ́ ṣáájú kọ̀ǹpútà, tí dátà rẹ̀ rí wúruwùru, tó sì ṣeé parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀kan wà nítòsí fún ọmọ Yorùbá: ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó jọ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú ń rí nínú «ọkọ̀». Síbẹ̀, len(), tó ń ka iye ẹyọ inú ọ̀rọ̀, lè sọ pé 4 ni, ó sì lè sọ pé 6. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní ọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, U+1ECD, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ̀. Àmì ohùn rẹ̀, U+0300, dá dúró ni. Kíbọọ̀dù mìíràn á tún ya àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sọ́tọ̀. Bí a bá fi == wé oríṣi méjèèjì, False ni Python yóò dá padà. unicodedata.normalize("NFC", s) ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan, ó sì bá Python wá, kò béèrè kí a fi pip gbé ohunkóhun wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé ni kí a ti lò ó, ìyẹn nígbà tí a bá ka fáìlì àti nígbà tí ẹnìkan bá tẹ ohun tó ń wá, kì í ṣe káàkiri inú kóòdù. Kí a sì kọ encoding="utf-8" sínú open(), torí ohun tó ṣiṣẹ́ lórí Linux lè kọsẹ̀ lórí Windows.

Ibi tó gba làákàyè jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù. Bí a bá sì yọ gbogbo àmì kúrò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di oko. Nítorí náà, òpó méjì la máa ń ṣí nínú sqlite3, ibi ìkó-dátà-sí tó bá Python wá: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, èkejì fún èyí tí kò ní àmì. Inú èkejì la ti ń wá a, èyí tó bá bá àmì tí a tẹ̀ mu gẹ́lẹ́ la sì ń gbé sókè.

Títò náà ní wàhálà tirẹ̀. Nọ́ńbà Unicode ni sorted() ń tẹ̀lé, nítorí náà ẹja á bọ́ sẹ́yìn yàrá, gbà á sì ṣáájú gùn, bẹ́ẹ̀ gb jẹ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn g. A ó kọ fọ́ńṣọ̀n kan fún key= tó máa yọ àmì ohùn kúrò, tó máa dá àmì ìsàlẹ̀ sí, tó máa wá gb kó tó wá g, tó sì máa fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀ láàárín 25.

Ogún ọ̀rọ̀ nínú pytest, irinṣẹ́ tí a fi ń dán kóòdù wò, kí oríṣi méjèèjì tí a fi ń kọ àmì pọ̀ mọ́ra, tó láti dán an wò. Flask, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé ètò sórí ìkànnì, lè wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì ti ń tán lọ, Flask ni kí a gé, kì í ṣe ìdánwò.