Fítámì Kọ́ Lẹ Fún Ọmọ Yẹn

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ ọdún 14, ọdún 15 wá nítorí ADHD, ìṣòro àìlè pọkàn pọ̀ àti àìlè kó ara ẹni níjàánu, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bẹ̀ wá: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀." Wọ́n á ti sọ fún un nílé pé fítámì ni oògùn tó ń lò. Ọmọ tó ní fóònù! Kí ìyá rẹ̀ tó se oúnjẹ alẹ́ tán, ó ti tẹ "methylphenidate", orúkọ oògùn náà gan-an tó wà lára páálí, sínú Google. Láti ọjọ́ yẹn ni oògùn á ti máa gba abẹ́ ahọ́n bọ́ sí ṣáláńgá.

Ẹ sọ òótọ́ fún un. Kì í ṣe olódo, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń dá èèyàn dúró kó tó sọ̀rọ̀ jáde, tó ń rán an létí ohun tó wá mú ní yàrá, ni kò tètè gbó bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ̀ ń fojoojúmọ́ wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ẹ bi ara yín léèrè. Àwọn kan á ní, "Ṣebí ó ń gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta láìmira?" Bẹ́ẹ̀ ni. Géèmù ń sanwó lójú ẹsẹ̀. WAEC ò ní sanwó títí di ọdún tó ń bọ̀, owó tó jìnnà bẹ́ẹ̀ kì í sì í jí ọpọlọ irú ọmọ yìí. (Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 15, ohun mìíràn ni ká kọ́kọ́ fura sí. Kó tó pé ọdún 12 ló ti yẹ kí àmì ADHD ti hàn, nílé àti níléèwé.)

Orí ọ̀rọ̀ àkókò ni mo ti máa ń bá òbí jà jù. Lójú ọmọ tó ní ADHD, ìsinsìnyí wà. Gbogbo èyí tó kù ṣì jìnnà. Ẹ gbé aago tó ní ọwọ́ kọ́ ara ògiri níwájú tábìlì rẹ̀, kó lè fojú rí bí àkókò ṣe ń tán lọ. Ẹ má ní kó lo ti fóònù: ó máa wo aago, á rí mẹ́sééjì, ó parí nìyẹn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 20, ìsinmi ìṣẹ́jú 5, kó dìde nílẹ̀, kó mu omi, kó tún jókòó. "Lọ kàwé" kì í ṣe iṣẹ́. "Ṣe ìbéèrè 1 sí 4 nínú ìṣirò, kó o gbé e wá kí n wò ó" niṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá rán an níṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ìkẹta ti já bọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó. Báàgì ilé ìwé, alẹ́ ni kó ti dì í, kó gbé e ti ilẹ̀kùn.

Àwọn kan á gbé ọmọ lọ sórí òkè àdúrà. Wòlíì á ní emèrè ni, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Ọmọ tí oògùn ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Àwọn tó ń ta àgbo ìsọyè ń bẹ, àwọn ẹlẹ́gba náà ń bẹ. Ọmọ tẹ́ ẹ nà nírọ̀lẹ́ nítorí ohun tó ṣe láàárọ̀, ẹgba nìkan ló máa rántí.

Irú methylphenidate tí kì í pẹ́ lára, bó bá mu ún ní aago 7 àárọ̀, agbára rẹ̀ ti ń tán ní nǹkan bí aago 11. Bí tíṣà àárọ̀ bá ń yìn ín tí tọ̀sán ń ráhùn, ẹ wá sọ fún wa, ẹ má fi kún un fúnra yín. Kó jẹun dáadáa kó tó lò ó. Bó bá lò ó nírọ̀lẹ́, oorun dìjà. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà la gbọ́dọ̀ máa wọn gíga rẹ̀, ìwọ̀n ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti bí ọkàn ṣe ń lù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ọmọ tẹ́ ẹ pè é ní fítámì fún, kí ló fẹ́ dá a dúró tí kò fi ní pín in? Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ló máa ń ṣẹlẹ̀: "Gba ọ̀kan, ó máa ń jẹ́ kí n lè kàwé." Oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni. Ọ̀rẹ́ tó gbà á lè ní àrùn ọkàn tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, ó sì lè ti mu enẹ́jì dírìǹkì agolo méjì kó má bàa sùn. Bó bá dojú bolẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò, tí nọ́ọ̀sì bi ọmọ yín pé kí ló fún un lò, fítámì ló máa sọ.