Bí Nǹkan Oṣù Ṣe Ń Yí Padà Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Ní Ìlọrin, ààwẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Obìnrin tó jẹ́ pé gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ márùn-ún tí kò lè gbà nítorí nǹkan oṣù ló máa ń san lẹ́yìn Ràmàdánì á rí i pé nǹkan oṣù wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ààwẹ̀ kan, gbèsè sì di mọ́kànlá. Lọ́dún kejì, kò tiẹ̀ yọjú rárá.

Inú ilé ẹyin lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹyin tí obìnrin máa lò ni wọ́n ti bí mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti ń tán lọ, oṣù mìíràn á wà tí ẹyin kankan ò ní já, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Estrogen, ọ̀kan lára àwọn hòmóònù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ sí ara, ló ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn. Hòmóònù mìíràn, progesterone, ló ń dá a dúró, tí yóò fi ya létòlétò. Ìgbà tí ẹyin bá já nìkan ni progesterone máa ń pọ̀. Bí kò bá já, awọ náà á máa nípọn ṣáá. Ọjọ́ tó bá wá ya, ẹ̀jẹ̀ á dà, á pẹ́, á sì máa jáde ní dídì.

Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ló ń jáde. Rárá o, ẹ̀jẹ̀ ara gan-an ni. Òòyì tó ń kọ́ ìyá olóńjẹ ní Ọjà Ìpàtà, àyà tó ń já a bó bá gbẹ́rù díẹ̀, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe wàhálà ọjà.

Kì í sì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń fà á. Ìju (fibroid), kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, wọ́pọ̀ lásìkò yìí. Estrogen ló ń bọ́ ọ, ó sì sábà máa ń sún kì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá. Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá ọjọ́ 7, tàbí tó ń padà wá kó tó pé ọjọ́ 21, ilé ìwòsàn ló kàn, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin. Àlùfáà ló máa dáhùn ọ̀rọ̀ ìrun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ọ̀dọ̀ dókítà ni.

Oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti dá. Kó tó pé bẹ́ẹ̀, oyún ṣì lè dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí, bó jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, torí bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ilé ọmọ máa ń kọ́kọ́ fara hàn.