Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Mọ́tò fún Fíìmù Jàǹdùkú Ayé Àtijọ́

Bí fíìmù kan bá ní Chicago ọdún 1933 lòun wà, mọ́tò tó wà lójú títì ló máa kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i tàbí kó tú u fó. Aṣọ ṣeé rán, fìlà ṣeé rà, ilé àtijọ́ sì ṣì wà nílẹ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò wà lára rẹ̀ bí ilà ojú: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, ìwò kan ti tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ńlá ní Amẹ́ríkà fi máa ń gba ẹnì kan síṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wá mọ́tò, kó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kó sì rí i pé ó dé lókèṣọ̀n lásìkò.

Ìlànà àkọ́kọ́ kò le. Mọ́tò tí wọn ò tíì ṣe nígbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú hàn. Ohun tó lè tanni jẹ níbẹ̀ ni pé ọdún tí wọ́n fi ń pe mọ́tò lè yàtọ̀ sí ọdún tó bọ́ sọ́jà. Ford Model A tí wọ́n ń pè ní ti 1928, oṣù Kejìlá ọdún 1927 ló ti jáde. Bí a bá rí ọ̀kan nínú ìtàn Kérésìmesì ọdún 1927, kò sí àṣìṣe, àfi bí wọ́n bá kó mẹ́wàá tò sí títì kan náà.

Ibẹ̀ gan-an kọ́ ni ọ̀pọ̀ fíìmù ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á kó ogún mọ́tò jọ, ọdún kan náà ni wọ́n á ti ṣe gbogbo wọn, gbogbo wọn á sì máa dán yanran. Ta ló rí irú títì bẹ́ẹ̀ rí? Láti ìparí 1929 ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ẹni tó ra mọ́tò ní 1926 kò rówó pààrọ̀ rẹ̀ ní 1933. Model T, tí Ford dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, ṣì ń rìn káàkiri, torí ó lé ní mílíọ̀nù 15 tí wọ́n ṣe. Títì tó bá fẹ́ jọ òótọ́ nílò mọ́tò tó ti gbó, èyí tí fẹ́ńdà rẹ̀ ti tẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, lẹ́yìn náà kí tuntun ẹyọ kan wá kọjá láàárín wọn. Nígbà náà ni òǹwòran á mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ pé olówó ló wà nínú èyí tó kọjá yẹn, tàbí olè.

Kì í ṣe àìmọ̀kan àwọn tó ń ṣe fíìmù ló fà á. Ohun tó ṣẹ́kù láyé ni wọ́n ń rí lò. Lọ́wọ́ àwọn aládàáni tó ń tọ́jú mọ́tò àtijọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ohun tó wu àwọn yẹn tọ́jú sì ni mọ́tò olówó gọbọi bíi Packard, Cadillac àti àwọn tí òrùlé wọn ṣeé ká. Mọ́tò olórùlé tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé lọ síbi iṣẹ́ kò lólùgbàlà. Wọ́n lò ó títí ó fi jẹrà, ọ̀pọ̀ sì bá àkúfọ́ irin lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba ń ké sí aráàlú láti kó irin wá. Ní ti Ford 1932 sí 1934, àwọn ọ̀dọ́ gé wọn kúrú lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ẹ́ńjìn alágbára sí i, wọ́n ń fi sáré, ìyẹn ló fi ṣòro láti rí èyí tó ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Model A ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 tí wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ tà títí dòní. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé kò sí fíìmù ìgbà yẹn téèyàn máa wò tí kò ní bá a pàdé.

Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá tún mọ́tò ṣe kò ní jẹ́ kí wọ́n da ẹrẹ̀ sí i. Àdéhùn ni wọ́n ń bá a ṣe. Wọ́n á ti sanwó adójútòfò, wọ́n á wá fẹ́ eruku amọ̀ lúbúlúbú sára ọkọ̀, tàbí kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tí omi lásán lè fọ̀ dànù. Nígbà míì, ẹni tó ni ín á kúkú wọ kóòtù àti fìlà ayé ìgbà náà, á jókòó sídìí síárìn fúnra rẹ̀, á sì di wàká-páàsì nínú fíìmù. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ọ̀rọ̀ ta ló ń wa kí ni tún wà ńlẹ̀. Al Capone, olórí jàǹdùkú ní Chicago, lówó lọ́wọ́. Ó ní Cadillac ọdún 1928 kan tí wọ́n fi irin tẹ́ nínú kí ọta má ráàyè wọlé, àwọ̀ ewé àti dúdú ni wọ́n kùn ún, bíi ti ọlọ́pàá Chicago ìgbà náà. Àwọn tó pa èèyàn méje nínú gáréèjì kan ní ìlú yẹn, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1929, gbé Cadillac tí wọ́n ṣe bíi ti ọlọ́pàá wá pẹ̀lú. Àwọn tó ń ja báǹkì ìgbèríko lólè kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rí jí ni wọ́n ń wà, ohun tí wọ́n sì ń wá kiri ni Ford V8. Ní 1932 ló jáde, ẹ́ńjìn rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, agbára ẹṣin 65 ni, nígbà tí ti Model A jẹ́ 40. Owó rẹ̀ kò gara, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá abúlé kò sì ní ohun tó lè lé e bá.

V8 ni John Dillinger, olè tó ń ja báǹkì, fi sá kúrò lẹ́wọ̀n Crown Point, ní Indiana, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1934. Kì í ṣe ti ẹlòmíì, ti Lillian Holley ni, ṣẹ́ríìfù (ọ̀gá agbófinró àdúgbò) tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n ọ̀hún! Ó wà á kọjá wọ Illinois. Òfin ọdún 1919 sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba àpapọ̀ láti wa ọkọ̀ jíjí kọjá ààlà ìpínlẹ̀, ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí J. Edgar Hoover ń darí láti dọdẹ rẹ̀. Fíìmù tó bá fún Dillinger ní mọ́tò míì lọ́jọ́ yẹn ti ba ìtàn jẹ́, kódà bí ọdún mọ́tò náà bá pé géérégé. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, inú Ford V8 tí wọ́n jí ní Topeka, ní Kansas, ni àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa Bonnie Parker àti Clyde Barrow, tọkùnrin tobìnrin tó jọ ń jalè, sí ní Louisiana. Ọkọ̀ náà ṣì wà tòun ti ihò ọta lára rẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ kò láwìíjàre.

Bí mọ́tò bá ti bọ́ sí i, ó ku àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Táyà tó ní funfun gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wu àwọn olùtọ́jú mọ́tò gan-an, ṣùgbọ́n owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san lé e nígbà náà, kò yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ọkọ̀. Táyà òde òní tí wọ́n ń pè ní radial burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1946 ni Michelin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀. Iná iwájú tí gíláàsì àti gílóòbù rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan kò sí káàkiri ṣáájú mọ́tò ọdún 1940. Tráfíkétọ̀ tó ń ṣẹ́jú pàápàá, Buick ọdún 1939 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà, jàǹdùkú 1931 gbọ́dọ̀ na ọwọ́ síta bó bá fẹ́ yà. Nọ́ńbà ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń pààrọ̀ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. Ti New York láti 1938 dé 1940 ní àkọlé tó ń polówó ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ìlú náà.

Ẹsẹ̀ òṣèré náà lè tú àṣírí. Model T kò ní ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó lè sáré. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ síárìn ni wọ́n ń fọwọ́ ọ̀tún fà. Ohun mẹ́ta tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló wà nísàlẹ̀: ti òsì, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á wọ gíà kékeré, bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ pátápátá, á wọ ńlá, ti àárín ni rìfáásì, ti ọ̀tún ni búréèkì. Bí kámẹ́rà bá wá fi bàtà hàn wá tó ń tẹ ti ọ̀tún mọ́lẹ̀ kó lè sá fún ọlọ́pàá, búréèkì ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń tẹ̀. Igbe táyà lórí ilẹ̀ eruku ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Wọn kì í yìnbọn lu mọ́tò gidi. Wọ́n lè ṣe ara ọkọ̀ àdàmọ̀dì kí wọ́n fi ẹ́ńjìn òde òní sí i. Wọ́n á lu ihò sí i ṣáájú, wọ́n á dí i, wọ́n á kùn ún bọ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀tù kékeré tí wáyà so mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ni ihò á máa là lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn tó bá bọ́ sí àkókò ogun ló le jù. Láti oṣù Kejì ọdún 1942 títí di àárín 1945, wọn ò ṣe mọ́tò fún aráàlú ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó jáde kẹ́yìn, ọ̀dà ni wọ́n fi rọ́pò ibi tó yẹ kó máa dán bí fàdákà. Sítíkà A, B tàbí C wà lára gíláàsì iwájú láti fi iye epo tó tọ́ sí onímọ́tò hàn, eré tí òfin gbà kò sì ju máìlì 35 ní wákàtí kan lọ. Ní Illinois, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ láti 1943, kí wọ́n lè fi irin ránṣẹ́ sójú ogun. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n pè ní ti 1946 kò ju ti 1942 tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Lincoln Continental ọdún 1941 tí wọ́n pa Sonny, ọmọ olórí jàǹdùkú, sí nínú fíìmù The Godfather (1972) fi bá ìtàn náà mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ti parí. Nínú fíìmù yẹn kan náà, pákó ni bọ́ńpà àwọn mọ́tò kan. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Irin bọ́ńpà ló wọ́n lẹ́yìn ogun, tí ilé iṣẹ́ fi ń fi pákó dí ojú rẹ̀ fún oníbàárà kí tòótọ́ tó dé.