Gbọ́mọgbọ́mọ Ọ̀rọ̀: Bí Dídárúkọ Ọlọ́rọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ìlú Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 86 lẹ́yìn ìbí Jésù, etí akéwì kan tó ń jẹ́ Martial gbọ́ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fidentinus ń ka ewì òun láwùjọ, ó sì ń ṣe bí ẹni tó ni ín. Martial kò pè é lẹ́jọ́. Ewì ló tún fi dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quintianus pé àwọn ewì òun dà bí ẹrú tí òun ti dá sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní òun lolówó wọn, kí Quintianus jẹ́rìí pé ọwọ́ Martial ni wọ́n ti jáde. Ó ní kó pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ojú lè ti plagiarius náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú òfin Róòmù, plagiarius ni ẹni tó jí ẹrú ẹlẹ́rú gbé, tàbí tó mú ẹni tó lómìnira, tó sọ ọ́ di ẹrú. Gbọ́mọgbọ́mọ ni. Inú ọ̀rọ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yọ plagiarism, ìyẹn jíjí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ, tí à ń kà fáwọn ọmọ lónìí. Ó máa ń dùn mí pé máàkì tí wọn yóò yọ nìkan la máa ń fi dẹ́rù bà wọ́n. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ gbọ́mọgbọ́mọ?

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí á pe olè lólè, ọ̀tọ̀ ni kí á kọ́ èèyàn láti máa dárúkọ ẹni tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ti èyí, àwọn Mùsùlùmí ìgbà àkọ́kọ́ ṣe bẹbẹ. Ibn Sirin, àgbà ààfáà ìlú Basra tó kú ní 729, ló ṣàlàyé pé tẹ́lẹ̀ wọn kì í béèrè ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wá, ìgbà tí fìtínà, ìjà láàárín àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn, dé ni wọ́n wá ń sọ pé, “Ẹ dárúkọ àwọn èèyàn yín fún wa.” Bí hadíìsì, ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ṣe di ohun tó ń bá orúkọ rìn nìyẹn: lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dù, tàmẹ̀dù gbọ́ ọ lẹ́nu làkáṣègbè, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Ànábì.

Bede ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Àlùfáà ni, ní Jarrow, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú ní 735. Nígbà tó ń ṣàlàyé Ìhìnrere Lúùkù, ọ̀rọ̀ àwọn baba ìjọ mẹ́rin, Ambrose, Augustine, Gregory àti Jerome, ló pọ̀ nínú ohun tó kọ. Kí wọ́n má bàa sọ pé ó jí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kó, ó kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sí etí ìwé, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ oníkálukú wà. Ó wá bẹ àwọn tí yóò dà á kọ lẹ́yìn òun pé kí wọ́n má ṣe yọ àmì náà. Ẹ wo ọkàn bẹ́ẹ̀!

Orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún ìwé rẹ̀ tí à ń kọ sínú àkámọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí a yá kò pẹ́ rárá. Edward Laurens Mark, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní Harvard, ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́, ní 1881, nínú ìwé kan lórí ìgbín tí kò ní ìkarahun. Ìlànà ìkọ̀wé àkọ́kọ́ ti APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, jáde ní 1929, ojú ewé méje péré.

Nílé tiwa ńkọ́? Orúkọ awo tó dífá ló máa ń ṣíwájú nínú ẹsẹ Ifá, kó tó kan ẹni tí wọ́n dá a fún. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson sì parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ là á yé wa pé ẹnu àwọn arọ́kin ni ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ti wá, àti pé láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, tàbí àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ni. Ó dárúkọ wọn: David Kukomi, baba ìjọ Ìbàdàn, Josiah Oni, oníṣòwò tí kò mọ ìbẹ̀rù, Lagunju, Tìmì Ẹdẹ.

Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá, méjìlá ni mò ń kọ́. Ọ̀kan nínú wọn mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá lórí odò Ọ̀ṣun, nọ́ńbà inú àkámọ́ tó bá a wá láti Wikipedia, [3], [7], ṣì wà lẹ́yìn gbólóhùn rẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Mo sọ ìtàn Martial fún gbogbo kíláàsì, mo ní kí wọ́n fa ìlà sí etí ìwé wọn, kí wọ́n ṣe bíi ti Bede: lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ọmọ náà tún tirẹ̀ kọ. W pọ̀ níbẹ̀, fún Wikipedia. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kan nípa omi odò náà tí wọ́n ń pọn fún aboyún, Ì.À. ló wà níbẹ̀. Mo bi í pé ta nìyẹn. Ó ní, “Ìyá àgbà mi ni, mà.”